Ètò Bíbélì kíkà ti M'Cheyne: ṣé àyè àṣàrò wà nínú orí mẹ́rin lójúmọ́?

Ìparí ọdún 1842 ni Robert Murray M'Cheyne, olùṣọ́-àgùntàn ìjọ St Peter's ní ìlú Dundee, ní Sikọ́tílándì, ṣe ètò yìí fún àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀. Oúnjẹ Òòjọ́ ló pè é. Ẹni ọdún 29 ni nígbà náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1843, àìsàn tífọ́ọ̀sì pa á, kí ètò náà tó pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Ètò náà kò bá a kú. Ó ṣì wà káàkiri títí dòní, lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ẹ̀tọ́ oníwèé kò sí lórí rẹ̀ mọ́: ẹ lè rí i lórí ìwé pẹlẹbẹ tí a ń ká sínú Bíbélì, ẹ sì lè rí i nínú ọ̀pọ̀ áàpù Bíbélì orí fóònù.

A kò fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè mú èèyàn ka Bíbélì tán. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ìbéèrè wa ni pé, ẹni tó fẹ́ kí ohun tó kà láàárọ̀ bá òun dé ibi iṣẹ́, kí ó sì bá òun padà wálé lálẹ́, ṣé ètò yìí yóò ràn án lọ́wọ́? Ìdáhùn tèmi ni pé yóò ràn án lọ́wọ́ bí ó bá bu ú sí méjì, tí ó sì kọ̀ láti sọ ọ́ di gbèsè. Bí a bá gbé e bó ṣe wà, ó dára fún kíkà ju àṣàrò lọ. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.

Bí ètò náà ṣe tò

Òpó mẹ́rin ló wà lójú ìwé. Lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó mú ibi kíkà kan nínú òpó kọ̀ọ̀kan. M'Cheyne ya méjì àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ fún ìsìn ìdílé, ó ya méjì tó kù sọ́tọ̀ fún ìgbà tí èèyàn bá dá wà níkọ̀kọ̀. Òpó kìíní bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì, ó sì parí sí Kíróníkà Kejì. Òpó kejì bẹ̀rẹ̀ láti Mátíù dé Jòhánù, ó yà sínú Sáàmù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, lẹ́yìn náà ó gba Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì lọ dé Ìfihàn. Òpó kẹta ni Ẹ́sírà títí dé Málákì, láìka Sáàmù mọ́ ọn. Òpó kẹrin bẹ̀rẹ̀ láti Ìṣe dé Ìfihàn, ó padà sí Mátíù àti Máàkù, ó ka Sáàmù, ó wá fi Lúùkù àti Jòhánù kádìí ọdún.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo èyí yóò rí i pé Májẹ̀mú Láéláé ni a kà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n Májẹ̀mú Tuntun àti Sáàmù ni a kà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Orí 1,189 ló wà nínú Bíbélì: 929 nínú Májẹ̀mú Láéláé, 260 nínú Tuntun. Bí a bá tún Májẹ̀mú Tuntun kà, tí a sì tún Sáàmù 150 kà, gbogbo rẹ̀ di orí 1,599. Ẹ pín ìyẹn sí ọjọ́ 365, ó ju mẹ́rin lọ díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọjọ́ kan fi ní orí méjì pọ̀ nínú òpó kan, bíi Jẹ́nẹ́sísì 9 àti 10, tàbí àwọn Sáàmù kúkúrú tí a so pọ̀. Àwọn orí gígùn kan sì wà tí a gé sí wẹ́wẹ́. Lúùkù 1 gba ọjọ́ méjì, Sáàmù 119 tó ní ẹsẹ 176 sì gba ọjọ́ mélòó kan.

Bí ẹ bá ń kà sókè ní ẹsọ̀, orí kan máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ní ìpíndọ́gba. Ìyẹn jẹ́ bí ìṣẹ́jú 17 tàbí 18 lójúmọ́ fún òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láìtíì ka ìṣẹ́jú kan mọ́ ọn fún àṣàrò tàbí àdúrà. Ọjọ́ kò dọ́gba, ṣá o. Ìwé Nọ́ńbà orí 7 ní ẹsẹ 89, Sáàmù 117 ní méjì péré. Ẹni tó bá ń fi ìṣẹ́jú 15 péré sílẹ̀ kí ó tó jáde nílé yóò máa sáré, ẹni tó bá ń sáré kì í gbọ́ nǹkan.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní fi ọgbọ́n ètò náà hàn kíá. Jẹ́nẹ́sísì 1, Mátíù 1, Ẹ́sírà 1, Ìṣe 1: ìbẹ̀rẹ̀ ayé, ìbí Jésù, ìpadàbọ̀ láti ìgbèkùn, ìbẹ̀rẹ̀ ìjọ. Ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́rin lójúmọ́ kan. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ẹ ó bá òpin mẹ́rin pàdé: Kíróníkà Kejì 36, Ìfihàn 22, Málákì 4, Jòhánù 21.

Ibi tó ti dára jù

Ọ̀kan nínú àwọn àǹfààní tí M'Cheyne fúnra rẹ̀ sọ ṣì jẹ́ òótọ́: èèyàn kò ní fi àkókò ṣòfò láti wá ibi tí yóò kà. Ẹni tí kò ní ètò máa ń ṣí Bíbélì síbi tó bá ṣí sí, ọwọ́ a sì máa lọ síbi tó ti mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún mẹ́wàá ṣe ń kọjá tí ẹnì kan á ti ka Sáàmù 23 àìmọye ìgbà, tí kò sì tíì ka Habakúkù rí. Àǹfààní mìíràn tó kà sílẹ̀ ni pé gbogbo ìjọ yóò máa jẹun ní pápá kan náà, òbí yóò ní ohun kan pàtó láti bi àwọn ọmọ léèrè, ìfẹ́ àárín àwọn ará yóò sì lágbára sí i. Bí ẹni méjì bá ń tẹ̀ lé ètò yìí, kódà bí wọ́n wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ibi kan náà ni wọ́n jọ wà ní ọjọ́ kan náà. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ó tún ní ọ̀nà tó gbà ń gba èèyàn lọ́wọ́ àárẹ̀. Ẹni tó ń ka Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ tààrà máa ń rọ̀ nínú Léfítíkù, nítorí orí 27 ni, ẹbọ àti òfin ìwẹ̀nùmọ́ tẹ̀ lé ara wọn, kò sì sí ohun mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ètò yìí, Léfítíkù bọ́ sí ìparí oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, Sáàmù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọjọ́ náà. Ẹ ka òfin ẹbọ tán, ẹ yíjú, ẹ gbọ́ ohùn ẹni tó ń ké pe Ọlọ́run. Méjèèjì ń tan ìmọ́lẹ̀ síra wọn, nítorí ẹni tó ń kọ Sáàmù mọ ohun tí pẹpẹ àti èéfín rẹ̀ jẹ́.

Ṣùgbọ́n ọkàn ètò yìí gan-an ni bí àwọn orí tí kò mọ ara wọn rí ṣe ń pàdé. Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ 6 oṣù Kìíní, kí ẹ lè rí bí àṣàrò ṣe lè jáde látinú rẹ̀. Jẹ́nẹ́sísì 6, Mátíù 6, Ẹ́sírà 6, Ìṣe 6.

Nínú Jẹ́nẹ́sísì 6, Ọlọ́run fún Nóà ní ìwọ̀n ọkọ̀: 300 ìgbọ̀nwọ́ ní gígùn, 50 ní fífẹ̀, 30 ní gíga. Nóà sì ṣe é bí a ti pàṣẹ. Nínú Mátíù 6, Jésù ní kí a má ṣàníyàn nípa ọ̀la. Ẹni tó bá ka Mátíù 6 nìkan lè fi ṣe àwáwí fún àìmúrasílẹ̀. Bí ó bá ka Jẹ́nẹ́sísì 6 nìkan, ó lè kó gbogbo ọ̀la lé orí ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wà lójú kan náà, a óò rí i pé ọ̀tọ̀ ni ìmúrasílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni àníyàn. Nóà wọn igi, ó kan ìṣó, òjò sì wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹni tó ní ìdánwò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tàbí tó ń dúró de èsì àyẹ̀wò dókítà, lè pín ìwé rẹ̀ sí méjì: apá kan fún ohun tó lè fi ìgbọ̀nwọ́ wọ̀n, apá kejì fún òjò. Kí ó ṣe ti apá kìíní lónìí, kí ó sì dárúkọ ti apá kejì nínú àdúrà.

Èyí tó jinlẹ̀ jù wà láàárín Mátíù àti Ìṣe. Mátíù 6:11 ni àdúrà tí gbogbo wa mọ̀, pé kí Ọlọ́run fún wa ní oúnjẹ òòjọ́ wa lónìí. Ìṣe 6 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìráhùn: nínú ìpínfúnni ojoojúmọ́, wọ́n ń gbójú fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì. Oúnjẹ wà. Ọlọ́run ti dáhùn àdúrà oúnjẹ òòjọ́, síbẹ̀ ẹnì kan ń sùn láìjẹun, nítorí kò sí ẹni tí iṣẹ́ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Àwọn Àpọ́sítélì kò wàásù fún àwọn opó pé kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n ní kí a yan ọkùnrin méje tó ní orúkọ rere, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Àṣàrò tó bá jáde níbẹ̀ kò ní rọra kọjá lórí afẹ́fẹ́: nínú ilé yìí, nínú ẹ̀ka iṣẹ́ yìí, ta ni ìpín rẹ̀ ń bọ́ sọnù, kì í ṣe nítorí ìwà burúkú ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe nítorí pé kò sí ẹni tí a yàn? Ìyá àgbà tí gbogbo ọmọ rò pé ẹlòmíràn ló pè é. Òṣìṣẹ́ tuntun tí gbogbo ọ̀gá rò pé ẹlòmíràn ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹsẹ kan nínú Mátíù kò lè gbé ìbéèrè yìí jáde lóun nìkan, ó di dandan kí Ìṣe 6 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyẹn ni ìràwọ̀ mẹ́rin náà.

Ibi tó ti kùnà

Ọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n ni àkọ́kọ́. Ẹni tó lé eku méjì ń pòfo, kí ni ká wá sọ nípa ẹni tó ń lé mẹ́rin? Ìwé mẹ́rin tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà ju ohun tí ọ̀pọ̀ orí lè gbé lọ. Tí ẹ bá bi irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án pé kí ló kà láàárọ̀, ó lè dárúkọ orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó má sì lè sọ ẹsẹ kan. Kì í ṣe pé kò ní ìfẹ́ Ọ̀rọ̀ náà. Ó ti fi gbogbo ìṣẹ́jú rẹ̀ kàwé ni, kò ṣẹ́ ìkankan kù láti dákẹ́.

Ìkejì, orí ni ètò náà fi ń gé, orí kì í sì í ṣe apá kan lára bí àwọn òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́. Stephen Langton, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury tó kú ní 1228, ni a mọ̀ mọ́ ìpínsórí tí a ń lò dòní, ó sì ní àwọn ibi tí ọ̀bẹ ti gba ibi tí kò yẹ kọjá. Ìṣe 21 parí níbi tí Pọ́ọ̀lù ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ náà gan-an sì wà ní orí 22, tí ẹ kò ní kà títí di ọ̀la. Jẹ́nẹ́sísì 1 parí lọ́jọ́ kẹfà. Ọjọ́ keje ìsinmi wà ní orí 2, ẹsẹ 1 sí 3. Orin ìránṣẹ́ Olúwa tí a mọ̀ sí Aísáyà 53 bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́ ní 52:13. Kólósè 4:1, tó bá àwọn ọ̀gá wí, jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀ tó bá àwọn ìránṣẹ́ wí ní ìparí orí 3. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá tó bá ka orí 3 tó dúró síbẹ̀ yóò gbọ́ ti ìránṣẹ́ nìkan, kò ní gbọ́ tirẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ mẹ́ta tó ṣáájú orí náà, kí ẹ sì kọjá òpin rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ mẹ́ta.

Ìkẹta kò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yóò yọ ẹni tó fẹ́ràn ìtàn lẹ́nu: wòlíì àti ọba kì í pàdé. Ẹ ó ti ka Aísáyà tán ní àárín ọdún, oṣù mélòó kan kí ẹ tó dé Àwọn Ọba Kejì 18 sí 20, níbi tí Aísáyà àti Ọba Hesekáyà ti jọ wà nínú wàhálà kan náà. Ètò tó tẹ̀ lé bí ìtàn ṣe ṣẹlẹ̀ ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn òbí, ọ̀kan tún wà. Òpó kìíní wà fún ìdílé, ṣùgbọ́n ètò náà kò fi àmì sí orí tí kò yẹ létí ọmọdé. Jẹ́nẹ́sísì 19, 34 àti 38 wà nínú rẹ̀, Àwọn Onídàájọ́ 19 náà wà níbẹ̀. Kí òbí ti ka ti ọ̀la sílẹ̀ láti alẹ́, bí ó bá sì bá irú èyí pàdé, kí ó fi òpó kejì nìkan ṣe ìsìn lọ́jọ́ náà.

Bí ó ṣe ń di gbèsè

Èyí ló ń pa ètò náà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì yẹ ká dúró lé e lórí. Ọjọ́ kan tí a kò kà jẹ́ orí mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́ta tí ara kò yá jẹ́ méjìlá, ó kéré tán. Ọjọ́ Sátidé dé, òǹkàwé jókòó láti san án. Ó fi wákàtí kan ka orí méjìlá pẹ̀lú mẹ́rin ti ọjọ́ náà, ojú ń sáré lórí ìwé, ọkàn ń ka iye tó kù. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tijú, ó sì pa ìwé náà dé. Àwọn áàpù tó ń ka iye ọjọ́ tí ẹ ti kà léraléra ń dá kún èyí: nọ́ńbà náà padà sí òdo, ó sì dà bíi pé gbogbo ohun tí ẹ ti kà ti sọnù.

Orúkọ tí M'Cheyne sọ ètò rẹ̀ ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ́kísódù 16 ni ìtàn oúnjẹ òòjọ́ àkọ́kọ́: mánà, ìwọ̀n ómérì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ di ọjọ́ kejì yọ ìdin, ó sì rùn, àfi ti ọjọ́ ìsinmi. Kò sí ibì kankan tí a ti ní kí ẹni tí kò kó ti àná wá kó ìlọ́po méjì lónìí. M'Cheyne alára kọ ewu mẹ́rin sílẹ̀ nígbà tó ń gbé ètò náà jáde: kí kíkà náà di ìsìn ojú lásán, kí ó sọ èèyàn di olódodo lójú ara rẹ̀, kí èèyàn máa kà á láìbìkítà, kí ó sì di àjàgà tó wúwo jù. Ẹni tó ń san gbèsè orí méjìlá lọ́jọ́ Sátidé ti bọ́ sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá pàdánù ọjọ́ kan, ẹ fi ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ náà kí ẹ lè rí i lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ sì ka ti òní. Ẹ̀yin tó ń lo áàpù, ẹ wá ibi tí ẹ ti lè pa kíka ọjọ́ léraléra àti ìránnilétí rẹ̀, kí ẹ sì pa á.

Bí a ṣe lè lò ó fún àṣàrò

Ẹ bu ú sí ọdún méjì. Ọdún kìíní, òpó kìíní àti ìkejì. Ọdún kejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Nítorí bí àwọn òpó náà ṣe tò, ẹ ó ka Májẹ̀mú Tuntun àti Sáàmù tán ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì ka Májẹ̀mú Láéláé tán láàárín ọdún méjì. Orí méjì lójúmọ́ gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn wá ṣẹ́ kù fún àṣàrò nínú ogún ìṣẹ́jú kan náà. Ìpàdé àwọn orí kò sọnù, nítorí Májẹ̀mú Láéláé àti Tuntun ṣì ń dojú kọra ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, àyàfi ní àwọn oṣù tí Sáàmù bá gba ipò Tuntun.

Ẹ ka méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan, láìdúró. Ẹ mú ẹsẹ kan ṣoṣo, méjì bó bá pọ̀ jù, kí ẹ sì fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Ọwọ́ tó ń kọ̀wé lọ́ra ju ojú lọ, òun ni yóò jẹ́ kí ẹ rí ọ̀rọ̀ kékeré bíi "nítorí náà" tàbí "ṣùgbọ́n" tí ojú ti fò. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ gbólóhùn kan lórí ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Gbólóhùn kejì: ibo ló ti kan ọjọ́ òní? Ẹ̀kẹta: kí ni màá ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú, fún ta ni, ní aago mélòó? Lálẹ́, ẹ padà síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ fi àmì sí i bí ẹ bá ti ṣe é. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Gbólóhùn kẹta ló máa ń bàjẹ́ jù. "Màá túbọ̀ ní ìfẹ́" kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fi àmì sí i lálẹ́. "Màá pe ẹ̀gbọ́n mi ní aago márùn-ún, màá sì bẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìjẹta" ni iṣẹ́. Àṣìṣe kejì ni pé kí ẹsẹ náà máa bá ẹlòmíràn wí: ọ̀gá, ìyàwó, ọkọ, aládùúgbò. Bí "èmi" kò bá jẹ́ ẹni tí yóò ṣe nǹkan nínú gbólóhùn kẹta, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tún un kọ.

Gbólóhùn kìíní ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò, ibẹ̀ sì ni àṣàrò ti ń ṣìnà. Ẹ wo Jeremáyà 29:11, pé Olúwa mọ èrò tí òun ń rò sí wa, èrò àlàáfíà. Lẹ́tà sí àwọn tó wà ní ìgbèkùn ní Bábílónì ni, ẹsẹ 10 tó ṣáájú rẹ̀ sì sọ pé 70 ọdún ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ kò ní fojú rí ìpadàbọ̀ náà. Ẹni tó mọ èyí kò ní fi ẹsẹ náà dá ara rẹ̀ lójú pé wọ́n máa pè é síṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹsẹ 5 sí 7 ni yóò wò, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Iṣẹ́ òní wà níbẹ̀, ó sì lágbára ju ìlérí tí a já lẹ́nu igi rẹ̀ lọ. Bákan náà ni Fílípì 4:13: ẹsẹ 11 àti 12 fi hàn pé ohun tí Pọ́ọ̀lù lè ṣe ni kí ó ní ìtẹ́lọ́rùn nínú ebi àti nínú àjẹyó.

Ní ti ohun èlò: ìwé àkọsílẹ̀ A5 tó ní ojú ìwé 200 tó fún ọdún kan bí ẹ bá ń lo ìdajì ojú ìwé lójúmọ́. Ọjọ́ 365 gba ojú ìwé 183, ó ku 17 fún àtòkọ ẹsẹ àti orúkọ àwọn tí ẹ ń gbàdúrà fún. Ẹ má kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì gan-an àyàfi bí Bíbélì yín bá ní etí fífẹ̀ tí wọ́n ṣe fún un. Ìwé Bíbélì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gan-an, yíǹkì jẹ́ẹ̀lì ń wọ̀ ọ́ kọjá sí ẹ̀yìn, àwọn pẹ́ẹ̀nì aláwọ̀ tí yíǹkì wọn ń tutù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Pẹ́ńsùlù HB ló dára jù, bírò lásán sì tẹ̀ lé e bí ọwọ́ yín kò bá wúwo. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lójú ìwé tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ àárín ẹ̀yin àti ẹlòmíràn, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ ti tó. Ìwé tó ń gbé nínú ilé yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò rò.

Fóònù dára fún gbígbọ́ òpó kìíní, nítorí ìtàn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, etí sì lè tẹ̀ lé ìtàn bí ẹ bá ń wọ mọ́tò tàbí tí ẹ ń fọ aṣọ. Àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀, gbólóhùn wọn gùn, ojú ló yẹ wọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ kà á lórí fóònù, ẹ pa íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ṣí i. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó bá wọlé láàárín Róòmù 7 àti 8 ti tó láti gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá àṣàrò náà.

Ẹ kò ní láti dúró de oṣù Kìíní. Lórí ìwé pẹlẹbẹ náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí òní jẹ́. Áàpù ní tirẹ̀ sábà máa ń pe ọjọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, èyí ń já ìrẹ́pọ̀ tó yẹ kó wà láàárín ẹ̀yin àti àwọn tó ń lo ìwé. Ẹ yí ọjọ́ rẹ̀ padà bí áàpù náà bá gbà. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ ka ti ọjọ́ náà, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún ka àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà tó kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ìdí kan náà bá fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta lábẹ́ àwọn ohun tí ẹ kò ṣe, ìyẹn ni ẹ ó gbàdúrà lé lórí ní ọ̀sẹ̀ tuntun.

Ní ọdún tí oṣù Kejì bá ní ọjọ́ 29, irú bí 2028, ètò náà kò yan orí kankan fún ọjọ́ yẹn. Ẹ má wá nǹkan kún un. Ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, kí ẹ wá gbólóhùn kẹta tí kò tíì ní àmì, kí ẹ sì ṣe ọ̀kan nínú wọn.